Ọdún Mélòó Ni Màmá Wa?

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè kan bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ wo ni wọ́n bí ìyá tó bí ìyá yín? Kì í ṣe ọjọ́ tó wà lórí káàdì ni mò ń béèrè o. Ọjọ́ tí wọ́n bí wọn gan-an ni. Mo bi àwọn mẹ́jọ tí a jọ wà ní họ́sítẹ̀lì, márùn-ún nínú wọn dá mi lóhùn pé ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní ni. Tó bá jẹ́ lóòótọ́ ni, a jẹ́ pé àwọn agbẹ̀bí ayé ìgbà yẹn kò jẹ ìrẹsì ọdún tuntun rí.

Ìdí tí mo fi ń béèrè nìyí. Ní ọdún 2023, ìròyìn dé abúlé wa lẹ́yìn Ìbàdàn pé àwọn kan ń bọ̀ wá yẹ àwọn arúgbó lójú wò lọ́fẹ̀ẹ́, wọn yóò wọn ìfúnpá wọn, wọn yóò sì fún wọn ní oògùn. Ẹni àádọ́rin ọdún sókè nìkan ni wọ́n ń fẹ́. Èmi ni mo mú Màmá lọ. Láti aago méje àárọ̀ la ti wà lórí ìlà. Nígbà tó kàn wá, ọ̀gbẹ́ni tó jókòó sídìí tábìlì gba káàdì Màmá, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní, “Màmá, ẹ ṣì kéré. Ọmọ ọdún márùndínláàádọ́rin ni yín. Tó bá di ọdún márùn-ún sí i, ẹ máa padà wá.” Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Màmá náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, wọn ò jẹ oúnjẹ alẹ́.

1958 ló wà lórí káàdì náà. Mo wá bi Màmá léèrè bí 1958 ṣe dé ibẹ̀. Wọ́n ní ní ọjọ́ kan báyìí, ó ti pẹ́, wọ́n lọ gba káàdì ní ilé ìwòsàn kan. Akọ̀wé bi wọ́n pé ọdún wo ni wọ́n bí wọn. Màmá ní àwọn ò mọ̀, pé ohun tí àwọn mọ̀ ni pé ọdún tí Adélabú kú ni wọ́n mú àwọn wá sílé ọkọ. Akọ̀wé yẹn náà gbọ́ ọ̀rọ̀ Adélabú, ó rántí pé 1958 ni, ó sì kọ 1958 sílẹ̀. Ó tán. Ọdún kan ṣoṣo tó wà nínú ìtàn náà ló mú. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo fọ́ọ̀mù tó tẹ̀ lé e, ara káàdì yẹn ni wọ́n ti ń dà á kọ. Àkọ́bí Màmá, bùọ̀dá ìyá mi, ní ìwé ìrìbọmi tó fi hàn pé ọdún 1960 ni wọ́n bí wọn. A jẹ́ pé ọmọ ọdún méjì ni Màmá nígbà tí wọ́n bímọ. Ẹ ò rí nǹkan!

Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé mi dé ilé ìkàwé. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá Màmá nìkan ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí, àti pé báwo ni àwọn baba wa ṣe ń mọ ẹni tó dàgbà kí wọ́n tó máa kọ nǹkan sílẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Yorùbá kò mọ iye ọdún. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni nọ́ńbà òyìnbó. Wọ́n mọ ẹni tó gba iwájú àti ẹni tó tẹ̀ lé e, ìyẹn ló sì ṣe pàtàkì jù nínú agbo ilé, nítorí òun ló ń sọ ẹni tó máa kúnlẹ̀ fún ẹni kejì, ẹni tó máa kọ́kọ́ mú ẹran àti ẹni tó máa pín in. Wọ́n máa ń so ọdún mọ́ orúkọ ọmọ. Abíógun, ìgbà ogun ni wọ́n bí i. Abíọ́dún, ìgbà ọdún ni. Ní Ìjẹ̀bú, régbérégbé wà. Àwọn tí wọ́n bí láàárín ọdún mẹ́ta sí ara wọn ni wọ́n máa ń kó sí ẹgbẹ́ kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wo Ojúde Ọba lórí fóònù, tó jẹ́ aṣọ àti ẹṣin nìkan lẹ̀ ń rí, ìwé ọjọ́ orí ni wọ́n ń gbé kọjá lójú yín yẹn o! Kò sí bí èèyàn ṣe fẹ́ fi ọdún mẹ́wàá pa mọ́ níwájú àwọn tí wọ́n jọ ṣeré òṣùpá.

Òfin ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tuntun ti wà ní orílẹ̀-èdè yìí láti ọdún 1917, nígbà Lugard. Ṣùgbọ́n òfin nílùú Èkó yàtọ̀ sí òfin lábúlé kòkó. Àní nígbà tí ìjọba tún gbé òfin àpàpàǹdodo jáde ní 1992, pé kò sí ọmọ tí a kò gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọn kò gbé débẹ̀. Ibi àkọ́kọ́ tí ìjọba ti bá ọjọ́ orí àwọn ọmọ oko pàdé lójúkojú ni ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Ní January 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, àwọn ọmọ tó wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn sì lé ní 800,000. Báwo ni tíṣà ṣe máa mọ̀ pé ọmọ ti pé ọdún mẹ́fà? Kí ọmọ gbé apá ọ̀tún gba orí kọjá, kó fi ìka kan etí òsì. Tó bá kàn án, ó yá, wọlé. Tí kò bá kàn án, máa lọ sílé kí apá rẹ gùn sí i. Àwọn bàbá wa kan wà tí apá wọn gùn jù ọjọ́ orí wọn lọ, àwọn kan sì wà tí apá wọn kúrú, tí wọ́n fi ọdún méjì jókòó sílé. Iye tí tíṣà wá kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun ni wọ́n gbé dé ibi iṣẹ́, òun ni wọ́n sì fi fẹ̀yìn tì.

Màmá ò fi apá kan etí rárá. Wọ́n ní àwọn ni àwọn mú àbúrò àwọn ọkùnrin lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn dúró síta lábẹ́ igi, ó wọlé, àwọn sì padà sóko.

Nígbà tó di 1963, ìjọba fẹ́ ka gbogbo èèyàn Nàìjíríà. Ìṣòro yìí náà ló tún dúró dè wọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni àwọn onímọ̀ méjì kan, Àjàyí àti Igun, ṣe ìwé kan jáde: wọ́n to àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ ńláńlá lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú ọdún wọn, kí ẹni tó ń kànìyàn lè máa bi àgbàlagbà pé, “Bàbá, nígbà ogun báyìí, ṣé ẹ ti ń rìn? Ṣé ẹ ti ń lọ sóko? Ṣé ẹ ti gbéyàwó?” Ìdáhùn yẹn ni wọ́n máa fi ṣírò. Ohun tí akọ̀wé káàdì Màmá ì bá ṣe nìyẹn. Màmá fún un ní ìṣẹ̀lẹ̀, ó yẹ kó béèrè ibi tí ìṣẹ̀lẹ̀ náà bá wọn, ṣùgbọ́n kò béèrè.

Gbogbo wa la mọ ariwo tó tẹ̀ lé ìkànìyàn 1963, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ìwé Àjàyí àti Igun ni mò ń bá lọ, nítorí kò kú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà tí ó tún jáde ní Ìdíkàn.

Ìdíkàn, tí ẹ ò bá mọ̀, àárín Ìbàdàn àtijọ́ ni, ilé onípáànù tó dógùn-ún lórí ara wọn. Ní ọdún 1992, àwọn dókítà UCH àti àwọn ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan pọ̀ lórí àrùn tó ń jẹ́ kí àgbàlagbà máa gbàgbé nǹkan, èyí tí àwa ń pè ní arán. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí ní Èkìtì, ló ṣáájú wọn ní Ìbàdàn. Bàbá yìí kan náà ni wọ́n ti lọ sí Ẹ̀pẹ́ tipẹ́tipẹ́ láti wádìí ìdí tí ẹsẹ̀ àwọn kan fi ń kú, tí ojú wọn ń fọ́, tí wọ́n sì so ó mọ́ májèlé tó wà nínú ẹ̀gẹ́ tí wọn kò ṣe dáadáa. (Ẹ̀yin onígààrì inú họ́sítẹ̀lì, ẹ má bẹ̀rù, èyí tó kan dáadáa kò ṣe nǹkan.)

Wọ́n ń wọlé tọ àwọn àgbà lọ ní Ìdíkàn, láti ojúlé dé ojúlé. 2,494 ni wọ́n bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì bá 2,212 àwọn adúláwọ̀ sọ̀rọ̀ ní Indianapolis, gbogbo wọn ẹni ọdún 65 sókè. Ẹ ronú sí i. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé Ìyá Àgbà ti pé 65? Ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ 1963 ni wọ́n padà sí. Ọ̀ṣúntókun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì tiẹ̀ kọ́kọ́ dán an wò ná bóyá ó péye, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1993.

Wàhálà kejì ni ìdánwò fúnra rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń lò lókè òkun máa ń ní kí èèyàn kàwé, kó kọ gbólóhùn kan sílẹ̀, kó máa yọ méje kúrò nínú ọgọ́rùn-ún títí lọ. Tẹ́ ẹ bá gbé ìyẹn fún Màmá mi, wọn á fìdí rẹmi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣírò owó ẹ̀kọ tí ìyá ẹlẹ́ja jẹ wọ́n láti ọdún tó kọjá, ẹ ó rí i pé kọ́bọ̀ ò ní sọnù. Nítorí náà àwọn oníṣẹ́ Ìdíkàn ṣe ìdánwò tí kò ní fi àìmọ̀wé pe èèyàn ní aláìsàn. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, wọ́n tún un túmọ̀ padà kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ìtumọ̀ rẹ̀ ti sọnù, wọ́n sì máa ń bi ẹnì kan nínú ẹbí náà pé, “Ṣé bí wọ́n ṣe wà láti ọjọ́ yìí nìyí?”

Àbájáde rẹ̀ ló mú kí gbogbo ayé gbọ́ orúkọ Ìdíkàn. Èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé lọ́dọọdún, nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, àwọn tí àrùn arán ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú ní Ìbàdàn jẹ́ 1.35, ti Indianapolis sì jẹ́ 3.24. Ìdajì kò tó o! Ọ̀ṣúntókun kò rí ọjọ́ náà, wọ́n ti papò dà ní 1995. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wá ìdí rẹ̀ nínú oúnjẹ, nínú ẹ̀jẹ̀ ríru, nínú ohun tí a bí mọ́ èèyàn. Èmi kì í ṣe dókítà. Ohun tó wọ̀ mí lára ni pé ẹnì kan jókòó ti àwọn ìyá arúgbó Ìdíkàn, ó sì fara balẹ̀ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ọdún wọn. Ní 2003, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje àti àwọn ẹgbẹ́ wọn náà bẹ̀rẹ̀ Ibadan Study of Ageing, wọ́n bá àwọn àgbà tó lé ní 2,000 sọ̀rọ̀ káàkiri ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá. Ìṣẹ̀lẹ̀ ni wọ́n fi ka ọdún níbẹ̀ náà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ọ̀rọ̀ owó, torí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń sọ pé, “Ta ló bìkítà? Ṣebí àwọn ọmọ ló ń tọ́jú òbí.” Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, àbí? Mo gbà. Ṣùgbọ́n inú ihò kan náà ni òkété àti ọmọ rẹ̀ ń gbé. Àwọn ọmọ Màmá, ọ̀kan ń bẹ ní Kàdúná, ọ̀kan ní Èkó, ìyá mi ní Ìlọrin. Ọmú wo ló máa gùn dé ibẹ̀?

Owó ìfẹ̀yìntì dé Nàìjíríà láyé òyìnbó. Òfin 1951, tí wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ láti 1946, òṣìṣẹ́ ìjọba ló wà fún. Ní 1961, wọ́n dá National Provident Fund sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aládàáni. Ti 1979 tún dé, ti 2004 tún dé, èyí tó ní kí òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá rẹ̀ jọ máa dá owó sínú àpò kan lóṣooṣù. Gbogbo wọn, ẹni tó ń gba owó oṣù ni wọ́n ń wò. (Àwọn yẹn gan-an kò sùn dáadáa. Ẹ̀yin náà ti rí àwọn bàbá lórí ìlà ìdánimọ̀, tí wọ́n ní kí wọ́n fara hàn láti fi ẹ̀rí hàn pé wọn kò tíì kú.) Àgbẹ̀ ńkọ́? Ẹlẹ́kọ ńkọ́?

Ẹ má sì sọ pé àgbẹ̀ kò dá nǹkan kan sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó ń ra kòkó ní Ìwọ̀-Oòrùn kì í san iye tí ọjà àgbáyé ń san fún àgbẹ̀. Èyí tó ṣẹ́ kù wọ àpò ìjọba, ara rẹ̀ ni wọ́n fi ran àwọn ọmọ lọ sílé ìwé, wọ́n sì kọ́ Cocoa House tó parí ní 1965. Wọ́n tún ń gba owó orí. Ìdí nìyẹn tí àwọn Àgbẹ̀kọ̀yà fi dìde ní 1968 àti 1969 lábẹ́ Táfà Adéoyè, tí wọ́n já ẹ̀wọ̀n Agodi. Bàbá àgbà mi wà níbẹ̀, tàbí wọ́n ní àwọn wà níbẹ̀. Gbogbo ọkùnrin abúlé wa ló wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá bi wọ́n. Wọ́n gbà fún àwọn àgbẹ̀ láti dín owó orí kù. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ owó ìfẹ̀yìntì fún wọn.

Ó di oṣù kẹwàá 2011 kí ìjọba kan nílẹ̀ Yorùbá tó sọ pé àgbà ni àgbà, yálà ó ṣiṣẹ́ ìjọba tàbí kò ṣe é. Ní Èkìtì ni, nígbà Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí: ₦5,000 lóṣù fún ẹni ọdún 65 sókè tí kò ní owó ìfẹ̀yìntì. Àwọn tó gbà á lé ní 20,000. Ọ̀ṣun náà ṣe ti wọn, wọ́n pè é ní Àgbà Ọ̀ṣun, ₦10,000 ni, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbà á kò tó ti Èkìtì rárá. Lójú tèmi, ti Èkìtì ló jọ mí lójú jù, nítorí ó sún mọ́ ẹ̀tọ́ ju àánú lọ. Ìjọba yípadà ní oṣù kẹwàá 2014, owó Èkìtì sì dúró. Ọdún mẹ́ta péré. Ẹni tó bá pé ọdún 65 ní 2015, àṣìṣe tirẹ̀ ni pé wọ́n pẹ́ bí i.

Ìlera ńkọ́? Ní oṣù kọkànlá 2012, UCH ṣí ilé ìwòsàn àwọn àgbàlagbà, èyí tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Tony Anenih pè. Irú rẹ̀ kò sí ní Nàìjíríà ṣáájú ìgbà yẹn. Òfin ìlera ti 2022 náà ka àwọn arúgbó mọ́ àwọn tí ìjọba gbọ́dọ̀ bá san owó ìwòsàn. Ó dára. Àmọ́ gbogbo ilẹ̀kùn yìí, káàdì ló ń ṣí wọn, ọdún tó sì wà lórí káàdì Màmá mi, ọdún tí Adélabú kú ni.

Mo ra ìwé ìkọ̀wé kan. Nígbà ìsinmi, mo jókòó ti Màmá lẹ́bàá àdògán, a bẹ̀rẹ̀. Adélabú, Pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì fúnra rẹ̀, ọkọ̀ ló pa á ní March 1958: wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ọkọ. Ìgbà tí Ọbabìnrin Elizabeth wá sí Ìbàdàn, 1956: wọ́n ti ń kiri ẹ̀kọ, wọ́n rí èrò ṣùgbọ́n wọn ò rí ọbabìnrin. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, 1955: ọmú ti yọ, àwọn kan ti ń wá tọrọ wọn. Mo tún lọ sẹ́yìn. Ogun Hítílà parí ní 1945. Màmá dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní àwọn rántí pé ẹ̀gbọ́n bàbá àwọn ti Bọ́mà dé pẹ̀lú bàtà ńlá, pé ẹ̀yìn àwọn ni àbúrò àwọn wà nígbà tí àwọn sáré lọ pàdé rẹ̀, tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké nítorí ìró bàtà. Ọmọ tó bá lè gbé ọmọ pọ̀n kó tún sáré, ọdún mélòó ni yóò jẹ́? Mo kọ mẹ́fà tàbí méje. Mo ṣírò rẹ̀. 1939 ni, tàbí ìtòsí rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni wọ́n lé kúrò lórí ìlà pé ó kéré.

A ti ń lépa àtúnṣe káàdì náà. Ìwé ìbúra kóòtù kọ́kọ́, ìwé mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, owó tí wọ́n ń gbà sì ju owó oògùn oṣù kan lọ. Bùọ̀dá ìyá mi ní àwọn máa san án. A ń retí.

Ṣùgbọ́n ìwé ìkọ̀wé náà ti di ti gbogbo abúlé. Ìyá Alákàrà ló kọ́kọ́ wá, wọ́n ní kí n bá àwọn wo tàwọn náà. Lọ́jọ́ kejì, mẹ́rin dé. Wọ́n ń bára wọn jiyàn, ọ̀kan ní òun ti ń gbààwẹ̀ nígbà tí òun kejì ṣì ń wà ní ìhòòhò, òun kejì ní irọ́ ni. Bàbá Onílù ló le jù. Wọ́n ní àwọn ló lu ìlù nígbà tí wọ́n gba òmìnira ní 1960, pé àwọn ti lé ní ogún ọdún nígbà náà. Mo kọ 1938. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn wọ́n tún padà wá pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní àwọn ti ronú sí i, pé bàbá àwọn ló lu ìlù ọjọ́ náà, àwọn kàn gbé kọ̀ǹgọ́ dání ni. Kí n jọ̀ọ́ pa á rẹ́, kí n tún un kọ.